Lẹ́ǹsì ojú àbúrò mi ti lọ, igbó sì ń mú àyà rẹ̀ lù kìkì: kí ni ká ṣe kí ọjọ́ àyẹ̀wò VA tó pé?

Ọmọ_Ìkirè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa nílùú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Maryland la jọ ń gbé. Ètò MAVNI, èyí tí wọ́n fi ń gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà sínú iṣẹ́ ológun, ló bá wọ iṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń wá àwọn tó gbọ́ èdè bíi Yorùbá, Hausa àti Ìgbò. Níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ni okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹrù ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, irin ẹnu okùn náà sì bà á lójú òsì. Wọ́n yọ lẹ́ǹsì ojú yẹn kúrò. Wọn ò rí àtọwọ́dá fi rọ́pò rẹ̀ torí pé àpò tó yẹ kó gbé e dúró ti ya. Kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì ló ń fi sójú náà látìgbà yẹn. Bó bá ti di ọ̀sán, ojú á pọ́n, á yọ ọ́ kúrò, gbogbo nǹkan á wá di kùrukùru lójú rẹ̀.

Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun báyìí. Ó ti kọ̀wé béèrè owó ìfarapa lọ́dọ̀ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn fẹ́tẹ́ránì, ìyẹn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, wọ́n sì ti fún un lọ́jọ́ àyẹ̀wò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tó bá ti lè fi kọ́ńtáàtì ka lẹ́tà ara ògiri, wọn ò ní fún un ní kọ́bọ̀.

Èyí tó ń kó mi láyà sókè jù ni igbó. Àárọ̀ ló ń mu ún, alẹ́ ló ń mu ún, ó tún ń jẹ èyí tí wọ́n ṣe bíi súìtì. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun sùn, pé ó sì ń dín agbára omi inú ojú òun kù. Lálẹ́ Sátidé, àyà rẹ̀ ń lù débi pé mo ń rí i lára ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Òógùn bò ó, bó sì ti dìde ló ní ojú ń ṣú òun. Ọmọ ọdún 36 ni. Kò jẹ́ kí n pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ó ní wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì òun, VA á sì torí ẹ̀ já òun kulẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ọkàn_Baltimore

Anti mi, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bó bá tún ṣe é, tí àyà ń dùn ún, tí èémí ò já geere, tó dákú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ẹ pe 911 láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, màá padà wá ṣàlàyé.

Sájẹ̀ǹtì_Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú àníyàn. Ọ̀rọ̀ pé VA á torí igbó já a kulẹ̀ yẹn, irọ́ pọ́ńbélé ni. VA fúnra wọn ti là á sílẹ̀ pé wọn ò ní torí pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun ń lo igbó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà VA ò lè kọ igbó fún un, wọn ò sì ní san owó rẹ̀, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ṣì lòdì sí i, bí Maryland tilẹ̀ ti fàyè gbà á fún àgbàlagbà láti July 2023. Ṣùgbọ́n ó lè bá dókítà sọ ọ́, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó gbé e wọ ọgbà ilé ìwòsàn VA.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì di ọmọ ìlú tí ẹ ń ka èyí, tiyín yàtọ̀ o. Láti April 2019 ni USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ọmọ ìlú, ti sọ pé lílo igbó lè ba ìwé ìbéèrè fún jíjẹ́ ọmọ ìlú jẹ́, kódà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń tà á ní gbangba.

Ti ojú, mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ níbí. Olùtọ́jú_Ojú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Olùtọ́jú_Ojú_Houston

Mo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹyinjú bá ti pé, ojú ò ṣe nǹkan kan. Agbára tí ojú èèyàn fi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó nǹkan bíi 60 diopter, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára lẹ́ǹsì. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ojú ló ń ṣe bíi 43 nínú rẹ̀, lẹ́ǹsì ló ń ṣe ìyókù. Lẹ́ǹsì yìí náà ló ń jẹ́ ká lè wo ọ̀ọ́kán, ká sì tún wo ìwé tó wà lọ́wọ́ wa láì pààrọ̀ gíláàsì. Tí kò bá sí mọ́, iṣẹ́ méjèèjì ti bàjẹ́.

Gíláàsì tó lè dí àlàfo náà máa ń nípọn, ó sì máa ń mú kí nǹkan tóbi ju bó ti rí lọ tó ìdámẹ́rin. Bó bá jẹ́ ojú kan péré ló ṣẹlẹ̀ sí, ọpọlọ ò ní lè pa àwòrán ńlá ti ojú òsì pọ̀ mọ́ kékeré ti ọ̀tún. Èèyàn á máa rí nǹkan ní méjìméjì. Á na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún àbúrò yín ní kọ́ńtáàtì, torí òun kì í mú nǹkan tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú tó ti fara gbọgbẹ́ kì í sábà gba kọ́ńtáàtì títí di alẹ́. Kí àbúrò yín má sọ fún ẹnikẹ́ni pé “ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa” bí kì í bá ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóòótọ́.

Ó wá di ti VA. Òfin wọn tó ń jẹ́ 38 CFR, ìpín 4.79, ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nọ́ńbà 6029 ni ti ojú tí kò ní lẹ́ǹsì, tàbí tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ààyè. Ó ní kí wọ́n díwọ̀n bí ojú ṣe ń ríran, kí wọ́n fi ìpele kan kún un, kó má sì kéré sí 30%, ìbáà ṣe ojú kan, ìbáà ṣe méjèèjì. Pásẹ́ǹtì yìí ni ìwọ̀n ìfarapa tí VA fi ń ṣírò owó tí wọ́n ń san lóṣù. Bí wọ́n bá ti gbà pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ sí i, kódà kó fi kọ́ńtáàtì ka lẹ́tà tó kéré jù lára ògiri, 30% rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹni tó ní wọn ò ní fún un ní kọ́bọ̀ kò ka ìwé náà.

Àwọn ohun kan wà tó yẹ kó kíyè sí nínú yàrá àyẹ̀wò. Kó mú kọ́ńtáàtì dání, kó mú gíláàsì dání. Ìríran ọ̀ọ́kán tí wọ́n bá fi gíláàsì tàbí kọ́ńtáàtì tún ṣe ni wọ́n sábà máa ń kà, ṣùgbọ́n tí agbára lẹ́ǹsì tí ojú tó burú nílò bá fi ju diopter mẹ́ta lọ yàtọ̀ sí ti ojú kejì, òfin gbà kí wọ́n lo ìríran ojú náà láìsí lẹ́ǹsì tàbí pẹ̀lú rẹ̀, èyíkéyìí tó bá mú kí ojú méjèèjì ríran dáadáa pọ̀. Ojú tí kò ní lẹ́ǹsì máa ń ju mẹ́ta yẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà, kó rí i dájú pé wọ́n kọ agbára lẹ́ǹsì ojú méjèèjì sílẹ̀, àti ohun tó kà pẹ̀lú lẹ́ǹsì àti láìsí i.

Bí wọ́n bá máa yẹ bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ wò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ní kéèyàn tẹ bọ́tìnì tó bá ti rí iná kékeré, kó sọ fún wọn ṣáájú pé kọ́ńtáàtì ò bá òun lára mu, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Iná tí òfin ní kí wọ́n lò fún ẹni tí kọ́ńtáàtì ti mọ́ lára ni III/4e. Ẹni tí kò bá tíì mọ́ lára, IV/4e ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò fún un, ìyẹn sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti rí ìwé àyẹ̀wò tí wọn ò kọ èyí tí wọ́n lò síbẹ̀ rárá.

Sájẹ̀ǹtì_Tẹ́lẹ̀

Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kan ìwé kún un. Bó bá jẹ́ bí ojú kan péré ṣe ń ríran ni wọ́n fi díwọ̀n, 30% náà ni òpin rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá yọ ẹyinjú náà kúrò pátápátá. Wọ́n á ka ojú kejì sí 20/40, ìyẹn ojú tó ṣì ń ríran dáadáa, wọn ò ní wá àléébù kún un. Torí náà, kí ó má lọ máa ṣe bí ẹni tí kò ríran kó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ àwọn nǹkan mìíràn tó bá jàǹbá yẹn rìn sílẹ̀ lọ́tọ̀: àpá ojú, orí fífọ́, àìsùn, ìbẹ̀rù tó ń mú un lóru. Ìdíwọ̀n tiwọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí wọ́n bá fún un ní 20% fún ọ̀kan nínú wọn, ẹ má retí pé 30 àti 20 á di 50 o. Wọ́n á yọ 30 kúrò nínú 100, á ku 70. Ìdá 20 nínú 70 jẹ́ 14. 44 ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì kà á sí 40.

Láti 30% lọ sókè ni wọ́n ti ń fi owó kún un nítorí ìyàwó, ọmọ àti òbí tó gbójú lé e. Ní ọdún 2025, $537.42 ni ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ gbà lóṣù ní 30%. Bó bá jẹ́ òun ló ń bọ́ ìyá yín ní Ìkirè, fọ́ọ̀mù 21P-509 ni kó kọ, kó sì kó ẹ̀rí owó tó ń fi ránṣẹ́ jọ. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kì í sábà mọ̀ pé òbí wà nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù.

Kó má san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá a gba pásẹ́ǹtì. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fẹ́tẹ́ránì tí VA fọwọ́ sí ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìdáhùn bá sì wá tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọdún kan ló ní láti fi pè é lẹ́jọ́.

Ọmọ_Ìkirè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ṣì kù. Dókítà ojú ní àwọn lè fi iṣẹ́ abẹ rán lẹ́ǹsì àtọwọ́dá mọ́ funfun ojú láti inú, láìsí àpò. Bí wọ́n bá ṣe é, ṣé 30% yẹn ò ní lọ?

Ẹ̀gbọ́n_Atlanta

Ó lè lọ o. Ẹni tí wọ́n bá ti fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sí lójú ti kúrò lábẹ́ 6029. Bó bá ń ríran dáadáa, ó lè bọ́ sí 10%, ó tiẹ̀ lè bọ́ sí òdo. Ní tèmi, kó fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ná, kó gba ìdíwọ̀n rẹ̀ kó jókòó.

Olùtọ́jú_Ojú_Houston

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa òfin, àmọ́ mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ọmọ ọdún 36 ni. Ojú tó máa fi wa ọkọ̀, tó máa fi ka ìwé ọmọ rẹ̀, tó máa fi ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún lé lọ́jọ́ iwájú, ẹ ní kó fi sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ̀ta dọ́là ó dín díẹ̀? Bí dókítà rẹ̀ bá sọ pé ojú náà gba iṣẹ́ abẹ, tí òun náà sì fẹ́ ẹ, kó ṣe é. Bí ìdíwọ̀n bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ó yí padà nítorí pé ojú ti sàn ni. Tí kò bá sì sàn tó, tó ń lọ gba ìtọ́jú bí abẹ́rẹ́ tàbí léésà lemọ́lemọ́, ìlànà tó wà láti May 2018 ń ka ìgbà tó bá lọ gba ìtọ́jú láàárín oṣù 12: ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì jẹ́ 10%, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin jẹ́ 20%, ó sì lè gòkè dé 60%.

Ohun tó yẹ kó bi dókítà rẹ̀ ni ewu iṣẹ́ abẹ náà: ṣé rẹ́tínà rẹ̀ lágbára, báwo ni agbára omi inú ojú rẹ̀ ṣe rí? Ojú tí nǹkan bà le lè ní gilaukómà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí èèyàn ti gbàgbé. Lọ́dọọdún ni kó máa yẹ̀ ẹ́ wò títí ayé.

Èyí ló mú mi dé orí igbó. Ó dájú pé igbó ń dín agbára omi inú ojú kù, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi wo gilaukómà ní láti máa mu ún tọ̀sán tòru, mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́. Ó tún ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń bọ́ iṣan tó gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ojú ní Amẹ́ríkà ò fọwọ́ sí i. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ ń ṣe iṣẹ́ náà di alẹ́ ọjọ́ kejì. Bí agbára omi ojú bá wà lóòótọ́, oògùn yẹn ni kó béèrè.

Nọ́ọ̀sì_Ọkàn_Baltimore

Mo ti padà dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Sátidé bí mo ṣe ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. THC, èròjà inú igbó tó ń pa èèyàn bí ọtí, máa ń mú kí ọkàn sáré láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ téèyàn bá ti fà á. Ó lè fi ìdámárùn-ún kún un, ó sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọkàn tó ń sáré báyìí ń béèrè atẹ́gùn púpọ̀, àmọ́ èéfín tó fà sínú ti gbé gáàsì olóró tó ń jẹ́ carbon monoxide wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí sì ti gba àyè atẹ́gùn. Ọkàn ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì ń dín kù. Bó bá wá dìde lójijì, ìfúnpá á já wálẹ̀, ojú á ṣú. Ohun tí Anti rí nìyẹn.

Ní 2001, àwọn oníwádìí tó bá 3,882 èèyàn tí wọ́n ní háàtì àtáàkì sọ̀rọ̀ rí i pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ téèyàn mu igbó, ewu háàtì àtáàkì fi nǹkan bí ìlọ́po 4.8 ju ti ìgbà mìíràn lọ. Ní February 2024, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọkàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àgbàlagbà tó lé ní 434,000. Àwọn tó ń lo igbó lójoojúmọ́ fi 25% ju àwọn tí kì í lò ó lọ nínú ṣíṣeéṣe kí wọ́n ní háàtì àtáàkì, wọ́n sì fi 42% jù wọ́n lọ nínú ti rọpárọsẹ̀. Irú ìwádìí yẹn ò lè sọ pé igbó nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò mu sìgá rí náà.

Èyí tó dà bíi súìtì kò ní èéfín, ṣùgbọ́n THC náà ló wà níbẹ̀. Ó lè pẹ́ tó wákàtí méjì kó tó wọra, èèyàn á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún jẹ ẹ̀kejì. Bó ṣe ń fi èyí lé èyí tó ti mu, mo fura pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé nìyẹn, àmọ́ ECG ló máa sọ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Baba_Dallas

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé, àwọn kan ń mu igbó kí wọ́n tó lọ sóko, wọ́n sì dàgbà dógbó. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ti ń bà wá jù?

Nọ́ọ̀sì_Ọkàn_Baltimore

Ẹ kú àgbà, sà. Àwọn tó dàgbà la rí, àwọn tó ṣubú lójijì, kò sí ẹni tó ṣe ECG fún wọn. Igbó náà sì ti yàtọ̀. Nínú èyí tí àwọn agbófinró ń gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, THC rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4% ní 1995. Ní 2021, ó ti ju 15% lọ. Òróró tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà báyìí tún le jùyẹn lọ. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí wọ́n ń pè ní K2 níbí, tí àwọn ọmọ wa nílé ń pè ní Colorado. Ìyẹn ti dá ọkàn ọmọdé dúró rí.

Ọmọ_Ìkirè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì lọ. ECG rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn láyà kó lè máa ka ìlù ọkàn rẹ̀ nílé. Ó sọ òótọ́ fún dókítà nípa igbó. Ó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, òun sì fẹ́ jáwọ́. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé òun ò ní sùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọkàn_Baltimore

Ẹ bá mi kí i, ó ṣe ohun tó dáa. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá pé, kó sọ fún ẹni tó máa fún un lóògùn oorun pé òun máa ń lo igbó, bóyá èéfín ni tàbí jíjẹ, àti ìgbà tí òun lò ó kẹ́yìn. Láti January 2023 ni ìlànà ti wà pé kí wọ́n bi gbogbo aláìsàn ní ìbéèrè yìí, kí wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì síwájú, ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn tó bá mu ún, nítorí ewu háàtì àtáàkì. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ tún lè nílò oògùn oorun àti oògùn ìrora ju bó ti yẹ lọ. Bí wọn ò bá bi í, kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì, bíi warfarin, kó tún un sọ, torí igbó ń mú kí warfarin ṣiṣẹ́ kọjá bó ti yẹ.

Ti oorun, ó máa le díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù: inú á máa bí i, oúnjẹ ò ní wù ú, á máa lá àlá ńláńlá. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kó bi dókítà rẹ̀ bóyá kó dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, kó sì gba ìtọ́jú àìsùn lọ́dọ̀ VA. Wọ́n ní èyí tí kì í ṣe oògùn, ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ nípa oorun ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kó má fi ọtí rọ́pò igbó. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì wúwo lóru, kó tẹ 988, kó wá tẹ 1. Fẹ́tẹ́ránì ni wọ́n dìídì fi ìlà yẹn sí fún, tọ̀sántòru ni wọ́n ń dáhùn. Ẹ̀yin náà lè pè é tí ẹ bá ń bẹ̀rù nípa rẹ̀, Anti.

Sájẹ̀ǹtì_Tẹ́lẹ̀

Kó béèrè fún ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà lẹ́yìn tó bá ṣe é. Bó bá ti wọlé, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ agbára lẹ́ǹsì ojú méjèèjì àti irú iná tí wọ́n lò síbẹ̀. Bí ó bá ṣófo, kó fún aṣojú rẹ̀ kí ìpinnu tó jáde.